Ohun Tí Mo Gbọ́ Nínú Igbá Lọ́dún Kòrónà

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn yín kì í lù dọ́gba, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Ẹ jókòó ná. Ẹ má tíì sáré lọ bá ẹnikẹ́ni. Mo ti rin ọ̀nà yẹn, mo wà láàyè, ọwọ́ mi méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ẹnu mi kò sì wọ́.

Afíngbá ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti wọ̀ mí lójú, n kì í sinmi títí n ó fi mọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ wa ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pín etí igbá sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún láìlo rúlà, tí èyí tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ bá èyí àkọ́kọ́ pàdé láìṣẹ́kù, kò lè jẹ́ ẹni tó ń fojú fo nǹkan.

Lọ́dún Kòrónà, Ọ̀yọ́ dákẹ́. Ọjà Akẹ̀sán kò kún mọ́. Àwọn tó bá wá fi aṣọ bo imú, wọ́n jìnnà síra wọn bí àwọn tó ń bára wọn yan odì. Ilé ìwé wà ní títì. Kò sí ìgbéyàwó, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò béèrè igbá. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ààwẹ̀ Rámádánì bá wa. Bí mo bá ti kírun Àílà tán, abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo máa ń jókòó sí, tí n ó máa fín igbá tí n kò mọ ẹni tí yóò rà á.

Bí igbá bá tóbi, a kì í gbé e lé itan. Àyà la máa ń gbé e tì, ẹnu rẹ̀ á kọjú sí wa, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọjú sí ọ̀bẹ. Igbá gbígbẹ sì dà bí yàrá tó ṣófo: ohun kékeré tó bá wọ inú rẹ̀ á di ńlá. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ ọkàn mi nínú igbá, kì, kì, kì, débi pé etí mi kò kà á sí mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yí padà. Kì-kì. Kì. Kì-kì-kì-kì. Ó dákẹ́. Kì. Ó dà bí omi tó ń kán láti etí páànù lẹ́yìn tí òjò ti dá, tí ẹ kò lè mọ ìgbà tí èyí tó kàn yóò já bọ́.

Mo gbé igbá kúrò láyà, ohùn náà lọ. Mo gbé e padà, ó wà níbẹ̀. Ewé máńgòrò ń mì lókè orí mi, oòrùn ń ti àárín wọn kán sílẹ̀ ní tótòtó, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo ni ọkàn yẹn, pé àlejò kan ló wọ inú igbá tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Làsísì, ọmọ ìyá mi. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú Kòrónà, ó dìde láàárọ̀ láti ṣe àlùwàlá, kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì tẹ̀ lé e. Rọpárọsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láti sọ ni “Hẹn.” Ọ̀ọ̀dẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa wo iṣẹ́ mi, bí ìlà mi bá wọ́, yóò pòṣé. Ẹ̀rù ikú kò bà mí tó ẹ̀rù pé èmi náà lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí àwa méjèèjì yóò máa wo igbá tí ẹnikẹ́ni kò fín.

Ó tún dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó tún dé lẹ́yìn méjì. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, àyà mi á dà bí àpò tí wọ́n ki ẹyẹlé sí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí mo máa ń gùn láti ọjà wálé á di òkè ńlá. Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi: ìtọ̀. Mo ń tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, nínú ààwẹ̀ tí omi kò kan ẹnu mi láti sáàrì! Mo rò pé mo ti ya wèrè. Ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé ọkàn tó bá ń gbọ̀n máa ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ẹyẹlé á fò lọ, ara á sì tù mí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe sínú ìwé. Mo mú àkúfọ́ igbá, mo fi orúnkún ti igbá ńlá mọ́ àyà kí n lè máa gbọ́, mo wá ń fa àkúfọ́ náà lọ lábẹ́ ọ̀bẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ọkàn mi bá lù lẹ́ẹ̀kan, mo fa ìlà kan. Bí ó bá pẹ́ kó tó tún lù, àyè tó wà láàárín á gbòòrò. Nígbà tí mo fi máa ní àkúfọ́ méje, mo tò wọ́n sílẹ̀, mo ń wá àpẹẹrẹ tó tún ara rẹ̀ ṣe. N kò rí. Nínú iṣẹ́ ọnà, kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani bí èyí.

Alájà Rámátù, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, àgbà gbogbo wa, ló kọ́kọ́ mọ̀. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé.

“Gàníyù, ààwẹ̀ ló mú ọ. Ọkùnrin tó ń jẹ sáàrì bí ológoṣẹ́.”

“Kì í ṣe ààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá gbọ́ ọ.”

Ó gbé etí lé ẹ̀yìn igbá. Ó fò sẹ́yìn. “Súbúhánà-lọ́ọ̀hi! Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe Làsísì gan-an nìyí.”

“Àwọn wo ni wọ́n?”

“O mọ̀ wọ́n.”

“N kò mọ̀ wọ́n o.”

“Ìdí tí wọ́n fi rí ọ mú nìyẹn!”

Láti ọjọ́ náà, òògùn kò wọ́n nílé wa. Oyin pẹ̀lú hábátù sáúdà, èso dúdú wẹ́wẹ́ yẹn, ní sáàrì, omi hàńtú tí wọ́n fi fọ Kùránì lára wàláà bí a bá ṣínu, àgbo kan tó korò bí ẹ̀ṣẹ̀. N kò bú wọn. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé ń dé nígbà tó bá wù ú.

Mo lọ sí ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìlà ti yí ọgbà po. Wọ́n ń na nǹkan kan tó dà bí ìbọn sí iwájú orí ènìyàn láti wo bó ṣe gbóná sí. Bàbá kan húkọ́ níwájú mi, gbogbo ìlà sì ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí omi tí ọkọ̀ ojú omi là. Wákàtí mẹ́rin kọjá. Nígbà tó kàn mí, wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi, wọ́n ní ó dára. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àìsàn mi ni kò sí nílé.

Ilé òògùn kan wà lọ́nà Akẹ̀sán, níbi tí mo ti máa ń ra òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Làsísì. Ọmọbìnrin tó ni ín kò tíì pé ogójì ọdún. Gbogbo wa ń pè é ní Dókítà Bùkọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń sọ pé apòògùn lòun, òun kì í ṣe dókítà. Lọ́jọ́ yẹn, ó wò mí láti ẹ̀yìn ọ̀rá tó ta síwájú káńtà.

“Bàbá, ẹ jókòó. Kí ló dé tí ẹ ń mí báyìí?”

Mo ròyìn fún un. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ẹ̀rọ kan jáde. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, torí pé ó lè jẹ́ òun ni yóò gba ẹ̀mí yín là. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Irin funfun pẹlẹbẹ méjì wà lójú rẹ̀, wáyà kankan kò sì sí. Ẹ ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọ̀kan, ẹ ó fi tòsì tẹ èkejì, ẹ kò ní sọ̀rọ̀, ẹ kò ní mira, fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ìlà kan á máa yọ lójú fóònù: òkè kékeré, òkè ńlá, pẹ̀tẹ́lẹ̀, òkè kékeré, òkè ńlá, pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó ní nítorí Kòrónà, tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ọsibítù, òun àti dókítà ọkàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti jọ ṣètò pé kí òun máa fi ìlà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, kí ó máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀.

Tèmi jáde gbọọrọ, ó dọ́gba bí eyín ìyarun. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, bákan náà ni. Ojú tì mí bí ẹni tó gbé ọ̀kadà lọ bá mẹkáníìkì, tí ọ̀kadà wá kọ̀ tí kò pariwo mọ́.

“Bóyá àníyàn ni, Bàbá,” ó rọra sọ ọ́.

Mo tú àpò mi, mo to àkúfọ́ igbá méjèèje sórí káńtà. Mo ṣàlàyé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ya gbogbo wọn ní fọ́tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ òògùn. Dókítà náà yọ lójú fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń mú ojú rẹ̀ dì, ó tún ń tú u, ó dà bí ẹni tí mò ń wò nísàlẹ̀ odò.

“Bàbá, ẹ kú ààwẹ̀. Ta ló ya àwọn nǹkan yìí?”

“Èmi ni. Ọ̀bẹ ni mo fi yà á.”

“Bó ṣe lù gan-an ni, àbí ẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ díẹ̀?”

“Dókítà, bí mo bá fẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni, ẹ kò ní í bi mí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi dì. Nígbà tó tú, ẹ̀rín ti tán. “Mò ń wá ibi tó ti tún ara rẹ̀ ṣe.”

“Èmi náà ń wá a.”

“Kò sí níbẹ̀, Bàbá. Ìyẹn gan-an ni n kò fẹ́.” Ó kọjú sí Bùkọ́lá. “Ẹ yá wọn ní ẹ̀rọ yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa bá wọn lọ síbi gbogbo. Bí ẹyẹlé tí ẹ ròyìn fún Bùkọ́lá bá dé, Bàbá, ẹ mú un.”

Mo so ẹ̀rọ náà mọ́ ọrùn. Ọjọ́ kìíní, kejì, kẹta, kò dé. Lọ́jọ́ kẹrin, bí mo ṣe sálámà tán nínú ìrun Àlásárì, ó bà lé mi láyà. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú mi dùn? Mo fi ìka méjèèjì tẹ irin. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: òkè kékeré ti pòórá, ilẹ̀ ń gbọ̀n rìrì níbi tó yẹ kó tẹ́, àwọn òkè ńlá sì fọ́n ká bí ewúrẹ́ tí kò ní olùṣọ́. Méjìlélógóje ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀bá kànga nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dára nílé wa. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìlá, fóònù dún, dókítà ni.

“Bàbá, òun nìyẹn. Ẹ ti mú un.”

Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni n ó ṣe ṣàlàyé fún yín. Ọkàn ní yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Tòkè ló yẹ kó máa fún, kí ó ti ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀. Nínú àìsàn yìí, tòkè kì í fún mọ́, ńṣe ló ń gbọ̀n, bí ojú omi inú agbada tí ọkọ̀ ńlá kọjá lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á wá dúró sí igun kan níbẹ̀, á sì dì. Bí èyí tó dì bá já, tó gba ọ̀nà ọpọlọ lọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Kò sọ pé kí n má bẹ̀rù. Ó ní òògùn wà: ọ̀kan láti mú kí ọkàn rọra, ọ̀kan tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n má pa á jẹ rárá. Álúfà àdúgbò wa fúnra rẹ̀ ló ní kí n jẹun, pé Ọlọ́run kò fi ààwẹ̀ ni aláìsàn lára.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún àyẹ̀wò. Èrò méjì péré ni wọ́n jẹ́ kó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀nà dá, igbó àti ọ̀run nìkan. Ní Takie, oríta ńlá Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí ariwo kì í ti í tán, mo gbọ́ bí bàtà mi ṣe ń dún. Ní ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó tutù ra mí láyà, mo sì rí ọkàn mi lójú gíláàsì. Mo rí ilẹ̀kùn kéékèèké inú rẹ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé, bí ẹnu ẹja. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹnikẹ́ni kò kí i kú iṣẹ́ rí. Omi bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ṣé ó ń dùn yín ni?” Mo ní rárá, ó rẹwà ni. Owó àyẹ̀wò yẹn wọ́n, n kò ní pa irọ́ fún yín, owó òògùn oṣooṣù náà sì wọ́n. Ẹ bi dókítà bóyá èyí tó dínwó wà kí ẹ tó dáwọ́ dúró.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe mi. Alájà kò fìgbà kan gbà pé òògùn nìkan tó. Ó ní híjámà ni yóò parí rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fi abẹ sín mi lẹ́yìn, kí wọ́n fi ife fa ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde. Ẹni tó pọ̀n mí sẹ́yìn ni, n kò mọ bí mo ṣe máa kọ̀ fún un. Mo sì ti ka ìwé pélébé inú páálí òògùn mi lẹ́ẹ̀mẹta! Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n ṣọ́ra fún ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n sunna ni híjámà, ìṣe Ànábì. Lọ́kàn mi, n kò kà á kún ọgbẹ́. N kò bi Bùkọ́lá. Èmi tí mò ń ka gbogbo nǹkan.

Ọkùnrin tó ṣe é mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, abẹ rẹ̀ mọ́. Ó yọ ife kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ó nù ún, ó ń dà. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣì ń dà, ó gbóná, ó ń wọ́ lọ sí ìbàdí mi, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé oorun ń gbé mi lọ.

“Wọ́n ti rí i!” Alájà ké. “Wọ́n ti mọ̀ pé a ń ṣe é!”

“Òògùn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ pe Bùkọ́lá.”

Ojú Bùkọ́lá yọ lórí fóònù. “Alájà, ẹ ká aṣọ mímọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ẹ má ṣí i.”

“Ó ti dúró, àbí? Jẹ́ kí n wò ó.”

“Ẹ má wò ó!”

“Díẹ̀ báyìí.”

“Alájà Rámátù! Bí ẹ bá ṣí i, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mò ń bọ̀. Bí n kò bá tíì dé tí ó bá gba aṣọ kọjá, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.”

Ẹni àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, ó fi gbogbo ara tẹ̀ mí, ó ń bẹ Ọlọ́run wẹ́wẹ́wẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Mo ń wo aago. Ó dúró.

Bùkọ́lá dé, ó di ibẹ̀, ó bá mi wí bí ọmọdé, ó sì fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn mi wò. Alájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó mọ ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú?”

“Ó mọ̀ ọ́n, Mà. Kí ìka ṣáà ti kàn án.”

“Ẹ gbé e fún Làsísì.”

Ọdún mẹ́jọ tó ti ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí ẹni tó rò ó pé kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Mo gbé ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wúwo, ó tutù, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ó fi tòsì tẹ èkejì fúnra rẹ̀. Kí ìlà tó dé ìdajì, mo ti mọ̀. Kò sí òkè kékeré. Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ewúrẹ́ fọ́n ká.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo sọ fún Alájà, “nǹkan kan náà ni.”

“N kò lè búra pé òun ló ṣe é nígbà yẹn,” Bùkọ́lá ní. “Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe gan-an.”

Alájà kò wo ojú ẹnikẹ́ni. “Ọdún mẹ́jọ,” ó wí. “Gbogbo Àsùbá ni mo fi ń dárúkọ ènìyàn sí Ọlọ́run.”

Làsísì wò ó, ó wo ìlà tó wà lójú fóònù, ó sì ní, “Hẹn.” N kò gbọ́ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n wá dá lóhùn lẹ́yìn tó ti ń pè tipẹ́.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Dókítà yẹ Làsísì wò, ó sì fi òun náà sórí òògùn. Rọpárọsẹ̀ kò tún padà wá bá a. Tèmi ṣì máa ń dé, bóyá ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù méjì; mo máa ń jókòó, mo máa ń dúró dè é kó lọ. N kò mu àgbo láìbéèrè, abẹ kò kan ara mi láìjẹ́ pé mo sọ òògùn tí mò ń lò, títí kan ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Bí ara bá yá mi, n kò torí ìyẹn dá òògùn dúró. Alájà ṣì ń gbàdúrà ní Àsùbá, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, àfi àwa.

Ẹ̀yin tí wọn kò tíì sọ nǹkan kan fún náà, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń fò, tí ó ń dúró, tí kò ní àpẹẹrẹ, ẹ dìde lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n lónìí, ẹ sì tún padà lọ bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan.

Láàárọ̀ yìí, mo fún Làsísì ní òògùn rẹ̀, mo lo tèmi. Ọkàn mi lù nígbà mẹ́rìndínláàádọ́rin. Tirẹ̀ lù nígbà mọ́kànlélọ́gọ́rin. Lílù tirẹ̀ kò dọ́gba, dókítà sì ní kò ní dọ́gba mọ́, ṣùgbọ́n kò sáré. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀, mo mú ọ̀bẹ mi, mo lọ síbi iṣẹ́.